Aago Ìparí Ìlà

Eku mi kú lọ́jọ́ Jímọ̀.
Òjò ló gba ojú fèrèsé wọlé ní Tánkẹ̀,
ó rin tábìlì, ó rin wáyà,
eku tí mo fi ń tọ́ka sí gbogbo nǹkan
tanná pupa lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Owó oṣù ò tíì wọlé.
Mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́tìnì,
mo ní, ẹ̀yin náà la ó jọ máa ṣe é.

Ẹ̀rọ ìkọ̀wé tí mo gbà sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà
kò ní àwòrán, kò ní ohun tí ojú ń bá ṣeré.
Mo tẹ j, ó sọ̀kalẹ̀. Mo tẹ k, ó gòkè.
Bọ́tìnì kan, ìwà méjì:
bí mo bá ń kọ̀wé, lẹ́tà ni;
bí mo bá ń pàṣẹ, àdá ni.
Mo gbàgbé èwo ni mò ń ṣe, mo tẹ d lẹ́ẹ̀mejì,
ìlà tí mo fi gbogbo àárọ̀ kọ
fún ìwé owó omi àwọn ará Gáà Àkànbí
ti lọ.
Mo pariwo. Mo tẹ u.
Ó dá a padà, kò bínú.

Ó ní fáìlì kan tó fara pamọ́,
àmì ìdánudúró ló ṣíwájú orúkọ rẹ̀.
Níbẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ ọ níwà.
Mo kọ́ ọ ní èdè ilé wa:
bọ́tìnì àlàfo, lẹ́yìn náà p: pa á mọ́.
Àlàfo, w: wá a.
Àlàfo, s: sáré, jẹ́ ká wò ó.
Mo yí ojú rẹ̀ sí dúdú nítorí orí tó ń fọ́ mi,
mo kun àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ ní àwọ̀ aró.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pọ́n ọ̀bẹ,
iṣu wà nílẹ̀, n ò gé e.
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbàgbé láti pa àkámọ́ kan dé,
ẹ̀rọ kọ̀, kò ṣí,
Ọ̀gá Gàníyù dúró sẹ́yìn mi:
"Owó omi dà?"

Ọláìítán, ọmọ Òmù-Àrán, jókòó sí àyè mi
kó lè bá mi wá àṣìṣe.
Ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ojú ìwé fò lọ sísàlẹ̀.
Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò gbígbóná:
"Ilé ìdáná ta lèyí? N ò mọ ibi tí iyọ̀ wà."

Ṣùgbọ́n Àǹtí Múínátù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pósítófíìsì,
ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹni tó ń wáṣẹ́,
kò wo ọwọ́ rẹ̀ rí.
Taipuráítà rẹ̀ ò ní àmì abẹ́ lẹ́tà.
Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á mú báírò,
á máa fi í sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó,
bí ẹni tó ń gbin àgbàdo.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì:
kọ́mà, lẹ́yìn náà e, kó di ẹ.

Ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú.
Mo gbé kọ̀ǹpútà lé e nítan.
Ó dijú, ó fọwọ́ wá ilà kékeré tó yọ lára F,
ó wá ti J, ó rí i.
"Ta ló fi èyí síbẹ̀? Onítọ̀hún gbọ́n."
Ó tẹ oríkì mi, díẹ̀díẹ̀, Abẹkẹ,
àmì méjèèjì jókòó sábẹ́ rẹ̀, kò sí báírò.
Mo ń retí kó yìn mí.
Ó wò ó pẹ́. Ó ní,
"Àbẹ̀kẹ́, aago ńkọ́?
Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ìlà ti fẹ́ tán?"

Ó ti sùn báyìí. NẸ́PÀ ti múná lọ,
bátìrì ku ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún,
owó omi ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo fi í sí.
Mo ṣí fáìlì tó fara pamọ́.
Bí ìlà bá dé lẹ́tà méjìléláàádọ́rin, kó dún lẹ́ẹ̀kan,
jẹ́jẹ́,
kó má baà jí i.